Fífún Ọ̀rọ̀ Màmá Pọ̀

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, gbogbo ọ̀rọ̀ tí Màmá kọ sí wa máa wọnú àyè tí kò tó èékánná!"

Oníkọ̀ǹpútà ló ń fọ́nnu bẹ́ẹ̀ ní pálọ̀ ìyá wọn olóògbé. Ọ̀la ni ìsìnkú, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sì ń wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kà létí sàréè. Ó ti da gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tí Màmá fi ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì sínú ètò tó fi Lisp kọ, èdè kọ̀ǹpútà tó kún fún àkámọ́ fọ́fọ́.

"Báwo ló ṣe ń fún un pọ̀?"

"Àǹtí mi, ọ̀rọ̀ tó bá ti wọlé rí, kò ní tọ́jú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹyọ kan ló máa fi sílẹ̀, á kàn máa nawọ́ sí i."

Ó tẹ bọ́tìnnì, ló bá fò sókè. "Yéè! Tèmi ti di ìlà kan ṣoṣo!"

"Kà á ká gbọ́."

Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ wọ̀ọ̀. "'Ọmọ mi, o ò mà pè mí o.'"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín àrín-takìtì. "Ọ̀gá kọ̀ǹpútà! Kò ráyè pe ìyá ẹ̀! Ó yá, ṣí tèmi. Èmi náà ò ráyè kà wọ́n, àmọ́ ó dá mi lójú pé tèmi máa gùn."

Àbúrò wo ojú kọ̀ǹpútà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Kò sí ìlà kejì.

"Àbí o ti pa tèmi rẹ́ ni?"

"Rárá, Àǹtí. Ẹyọ kan yẹn la jọ ní."