Ọkọ̀ Elépo Kò Gbọdọ̀ Wọ̀lú

Ogún ọdún ni Adéṣọpé fi ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní báyìí, ìjọba ti ṣòfin pé ọkọ̀ elépo, ìyẹn ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù bíi tirẹ̀, kò gbọdọ̀ wọ ìgboro Abẹ́òkúta lọ́jọ́ Ìsinmi mọ́. Olúgbèjà àbúrò rẹ̀, tí ìjọba ràn lọ́wọ́ láti ra ọkọ̀ oníná tó ń lo iná mànàmáná, ló wá ń gbé ìyá wọn.

“Bùọ̀dá mi, ẹ wọlé, àyè wà lẹ́yìn,” ni Olúgbèjà wí láti inú ọkọ̀ rẹ̀, níbi tí ìyá wọn ti jókòó síwájú.

Owú gba ọkàn Adéṣọpé. “Ẹsẹ̀ mi ò kán. Ẹ máa lọ.”

Ìyá wọn sọ̀kalẹ̀, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ wá bá a. “Adéṣọpé, ní gbogbo ọdún yẹn, ṣé ọkọ̀ rẹ ni mò ń bá lọ, àbí ìwọ?”

Adéṣọpé gba báàgì ìyá rẹ̀, ó sì wọlé sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n títí wọ́n fi dé ṣọ́ọ̀ṣì, kò bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀.