Ojú Inú Fáìlì

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì nígbà tí Veronica gbé ojú rẹ̀ tó ti bó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àbẹ̀ẹ́bí, tó ń ta ọṣẹ àti ìpara, láàárín ìlú Ọ̀wọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi ìpara tó ń bó ara pa á. Báyìí, omi lásán gan-an ń ta á lójú.

Ó mú fọ́tò pélébé kan jáde nínú báàgì. Obìnrin inú rẹ̀ dúdú, ara rẹ̀ sì ń dán.

"Bí ojú mi ṣe gbọ́dọ̀ rí lọ́jọ́ náà nìyí," ló sọ. "Bí ojú ò bá bá ti inú fáìlì mu, wọ́n á yọ orúkọ kúrò. Jonah á sì fi pólì sílẹ̀."

Owó ìfẹ̀yìntì náà ló ń rán Jonah níwèé, ọmọ náà sì ti wà ní ọdún ìkẹyìn.

Àbẹ̀ẹ́bí wo fọ́tò náà dáadáa. "Ẹ mà rẹwà o, Màmá! Kí lẹ wá ń fi ara bíbó ṣe?"

"Ó rẹwà lóòótọ́," ni Veronica fèsì. "Bá mi wá èyí tí kò ní ta mí."

Àbẹ̀ẹ́bí kì í ta nǹkan ojú fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gba nǹkan láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ dán an wò. Ó fi ọṣẹ dúdú díẹ̀ sí i lápá nínú, ó ní kó padà wá lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ti pọ́n. Àdí àgbọn ló kàn; ìyẹn náà mú kí ara sú. Ọjọ́ mẹ́rin ti lọ, ẹ̀rù sì ti ń ba Veronica gidigidi.

"Fún mi ní èyí tó yá jù," ló ní.

"Rárá o. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òrí tí wọn ò fi lọ́fínńdà sí ló kù, àti oje àlófẹ́rà. Ẹ sì ju ìpara yẹn nù."

Òrí náà kò ta á. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, ojú rẹ̀ kò pọ́n mọ́, àwọ̀ dúdú sì ti ń padà bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, Jonah ní kó ka ọjọ́ ìbí lẹ́ẹ̀mẹta. Ọjọ́ ìbí inú ìwé ìjọba kì í sábà bá ti ilé mu. Ta ni kò mọ̀yẹn? Ó ṣì í kà lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe báyìí níwájú wọn," ni Jonah ń bẹ̀ ẹ́.

Akọ̀wé tó wà nídìí tábìlì wo ojú rẹ̀, ó wo fáìlì, ó tún wo ojú rẹ̀. Ó ní kó ṣí gèlè sókè díẹ̀. Veronica ṣí i.

"Ẹ ti rù o, Màmá."

"Àgbà ló dé."

"Ẹ̀yin náà ṣáà ni." Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé. "Ó di ọdún tó ń bọ̀."

Nígbà tó ń padà lọ sílé, Veronica yà sí ìtẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì, ó kúnlẹ̀ níbi sàréè Agatha, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyá Jonah, tó ni fáìlì náà, ó sì sọ fún un pé ìjọba ti fọwọ́ sí i pé ó ṣì wà láàyè.