Dókítà Ọjọ́rú

Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà bá rìnrìn àjò, yàrá kan náà ni aṣọ́lé àti agbábọ́ọ̀lù iwájú wọn máa ń sùn. Aṣọ́lé yìí, baba ọmọ mẹ́rin, ni gbogbo èèyàn ń pè ní Aláwàdà. Agbábọ́ọ̀lù iwájú, tí kò tíì láya, ni wọ́n ń pè ní Adákẹ́, torí pé bó bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n tán, á kàn fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè, á máa rìn padà bí ẹni tó lọ pọnmi.

Ẹnu Aláwàdà kì í sinmi. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbá góòlù mẹ́rin wọlé rẹ̀, tí inú gbogbo èèyàn bàjẹ́ ní yàrá ìmúra, òun ló ń ṣàfihàn bí bọ́ọ̀lù ṣe gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, títí tí ìyá tó ń fọ aṣọ fi di ikùn mú. Akọ́nimọ̀ọ́gbá bi í pé kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Adákẹ́ wọ ọ́fíìsì akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ó tọrọ àyè láti máa lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú àárẹ̀ ọkàn ní gbogbo Ọjọ́rú, ó sì ní kí wọ́n yọ̀ǹda Aláwàdà fún òun. Àánú rẹ̀ ṣe ọ̀gá. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ tó báyẹn, nǹkan ń bẹ nínú ẹ̀.

"Mo máa ní láti sọ fún alága o. Oṣù tó ń bọ̀ ni àdéhùn ẹ ń parí, o sì mọ alága: ẹran tó bá ti ń tiro, kì í rà á."

"Mo mọ̀, sà."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ nìyẹn. Adákẹ́ á wa ọkọ̀, Aláwàdà á máa fi ohùn burúkú kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì á ti máa rẹ́rìn-ín kí àwọn méjèèjì tó gun àtẹ̀gùn tán. Nínú ẹgbẹ́, wọ́n ń gbé Adákẹ́ gẹ̀gẹ̀ bí ẹyin, ẹnikẹ́ni kì í pariwo mọ́ ọn mọ́. Wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Aláwàdà, pé ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni. Ọpẹ́ yẹn nìkan ni kì í fi ṣàwàdà.

Nígbà tó di oṣù kejì, alága pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ó fún Aláwàdà ní ọdún mẹ́ta sí i. Ó bọ Adákẹ́ lọ́wọ́, ó ní kó lọ tọ́jú ara rẹ̀. Ó dun akọ́nimọ̀ọ́gbá gan-an; ó lọ bá a níbi tó ti ń kó bàtà sínú àpò, ó bi í pé kí ló fẹ́ ṣe báyìí.

"Òní Ọjọ́rú ni, sà," Adákẹ́ sọ. "Aago mẹ́wàá ni wọ́n ń retí wa."

Ní aago mẹ́wàá, nọ́ọ̀sì ṣílẹ̀kùn, ó ní kí aláìsàn máa bọ̀. Aláwàdà dìde, ó wọlé lọ bá dókítà, Adákẹ́ sì jókòó dè é níta, bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo Ọjọ́rú.