Ta Ló Ń Lo Oògùn Bridget?

Ẹ sún mọ́bí, ẹ gbọ́ o, inú ń bí mi!

Lọ́kọ́ja, ọdún 1988. Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ikọ́ fée ló ń ṣe Bridget, ìyàwó Múyìwá ní àdúgbò Natako.

Oògùn oníhóró ò ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n ń fín sẹ́nu nìkan ló ń jẹ́ kó mí. Àmọ́ ó ń yára tán jù.

Ìyá ọkọ ẹ̀ ń pariwo: "Múyìwá, o ò wádìí ilé wọn dáadáa! Kò sírú ẹ̀ nílé tiwa!"

Lónìí, èémí Bridget há. Ó nawọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Oògùn ò sí níbẹ̀!

Ó rọra di ògiri mú dé ẹ̀yìn ilé ìdáná.

Màmá Múyìwá ló jókòó síbẹ̀. Àyà ẹ̀ ń súfèé, oògùn wà lẹ́nu ẹ̀.

"Ìyàwó, jọ̀ọ́, má sọ fún Múyìwá. Bàbá ẹ̀ gan-an kú láì mọ̀ pé ó ń ṣe mí."

Bridget já a gbà, ó fín in, ó mí.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ò ní kígbe ẹ̀ dé gbàgede Paparanda?