Àwọn Tó Ń Yin Àwo

Ní gbogbo Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, àwọn ọkùnrin mẹ́ta máa ń pàdé ní pálọ̀ Alága láti gbọ́ àwo orin. Ilé ìlagi kan náà ni wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ di arúgbó. Alága ló ń darí ẹ̀rọ ńlá tó ń la ìtì igi, Awakọ̀ ló ń wa katakata tó ń wọ́ ìtì náà wọlé, Apọ́nyùn ló ń pọ́n ayùn. Ariwo ibẹ̀ pọ̀ débi pé tí ààrá bá sán, á dà bíi pé ẹnì kan wúkọ́ níta. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pariwo sójú ara wọn, wọn ò sì tíì jáwọ́ níbẹ̀.

Òfin wọn ò le. Kálukú á mú àwo kan wá, á yìn ín, wọ́n á sì jọ gbọ́ ọ.

"Ẹ wo èyí!" Awakọ̀ á gbé àwo sókè bí ẹni gbé ọmọ tuntun. "Ẹni tó fun fèrè nínú ẹ̀ yìí, mo gbà pé ẹ̀dọ̀fóró mẹ́rin ló ní. Tí òkú bá gbọ́ ọ, á ní kí wọ́n bá òun wá bàtà òun."

"Irọ́ ńlá!" Alága á dáhùn.

"Tí mo bá purọ́, kí irun orí mi re."

"Irun wo?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Àwo á máa yí. Awakọ̀ á di ojú kan, á máa mi orí. Alága á máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Apọ́nyùn á máa wo ẹsẹ̀ Alága, òun náà á sì máa fi ìka lu orúnkún.

Apọ́nyùn ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ti pẹ́ tí orin ti kú létí rẹ̀. Téèyàn bá pariwo mọ́ ọn lójú, ó máa ń rí díẹ̀ mú nínú ohùn, á sì ka ìyókù lẹ́nu onítọ̀hún. Ṣùgbọ́n orin ò ní ẹnu. Tí àwòrán gìtá bá wà lára páálí àwo, á yin gìtá. Tó bá jẹ́ obìnrin ló wà níbẹ̀, á ní ohùn rẹ̀ dùn ju oyin ìlú méje lọ.

Kò lè sọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókèèrè, kò sì sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ láti Sátidé kan dé èkejì. Pálọ̀ yìí nìkan ló kù ú kù. Ó sì ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Kápẹ́ńtà, tó ń gbé ní òdìkejì títì, nígbà tí wọ́n pè é pé kó wá bá wọn ṣẹgbẹ́. Kápẹ́ńtà jókòó, ó tẹ́tí, ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ẹ má bínú o, ẹ̀yin èèyàn mi, èmi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Adití!" Awakọ̀ ló kọ́kọ́ pariwo. "Ṣé ọ̀ṣọ́ lásán ni etí tìẹ?"

Ẹ̀rín ni wọ́n fi lé e jáde. Apọ́nyùn ló rẹ́rìn-ín jù.

Nígbà tí ọdún ń parí lọ, wọ́n fẹ́ mú àwo tó dùn jù lọ́dún náà. Alága fa tiẹ̀, Awakọ̀ fa tiẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà fún ẹnì kejì. Wọ́n gbé méjèèjì sórí ẹ̀rọ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

"Apọ́nyùn, ìwọ lo kù," ni Alága wí. "Tèmi ni àbí ti ọ̀daràn yìí?"

"Méjèèjì ló dùn."

"Ta ló bi ọ́ ní ti ọbẹ̀? Mú ọ̀kan! Kó o sì sọ ibi tó ti mú ọ lọ́kàn."

Apọ́nyùn wo páálí àwo méjèèjì. Gìtá wà lára ìkíní, gìtá wà lára ìkejì. Ó wo ojú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì ń wò ó bí ẹni tó ń retí ohun tí dókítà fẹ́ sọ. Ìyàwó Alága ń ká aṣọ lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin náà gbé ojú kúrò lára wọn.

"Mi ò lè mú ọ̀kan," ni Apọ́nyùn wí. "Etí mi ti lọ. Ó ti pẹ́. Mi ò gbọ́ ọ̀kankan nínú wọn."

Alága ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

"Gbogbo bó o ṣe ń yìn wọ́n yẹn ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ rẹ ni mo ń wò."

Alága kó ẹsẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ àga.

Awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi ń wúkọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára Alága. "Ògiri la ti ń kọrin fún látọjọ́ yìí!"

"Máa lọ sílé, ọ̀rẹ́ mi," ni Alága wí. "Ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbọ́ orin nìyí. Kí ni adití fẹ́ wá ṣe níbí?"

"Mo lè máa jókòó lásán. N ò ní yọ yín lẹ́nu."

"Rárá. Tó o bá jókòó síbẹ̀, ta ló máa mọ ẹni tó ń gbọ́ yàtọ̀ sẹ́ni tí ò gbọ́?"

Apọ́nyùn dìde. Nígbà tó délé, ó kó gbogbo àwo rẹ̀, àwọn tó tò kan àjà, ó lọ dà wọ́n sí ibi tí ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí máa ń dúró. Nígbà tí Sátidé kejì pé, ó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń fi ìka lu orúnkún, kò sì sí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó lè wò.

Ní ọ̀sán yẹn kan náà, ọmọbìnrin Alága wá kí wọn nílé, ó bá bàbá rẹ̀ àti Awakọ̀ níbi tí wọ́n ti ń jó, tí àwo ń yí, ó yẹ ẹ̀yìn ẹ̀rọ wò, ó wá tọ ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìdáná láti bi í pé ta ló yọ wáyà sípíkà, ìyá rẹ̀ sì ní, "Èmi ni, ariwo ẹ̀ ló fẹ́ pa mí, ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti yọ ọ́, mo sì ń retí ọjọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa bínú wá bá mi pé ta ló pa orin."