Ẹ̀rọ Àkíbù Nínú Oko Ẹ̀gẹ́

Bàbá Rùkáyyàh, ẹ̀gbọ́n bàbá Àkíbù, ká a mọ́ inú oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ́nà Ìdèrè.

Ọkùnrin márùn-ún tẹ̀ lé e. Gbogbo wọn ló mú àdá dání.

"Bọ́ǹbù lo gbé wọ oko mi?"

"Ẹ̀rọ tó ń wá irin nínú ilẹ̀ ni."

Ìgò ike tó kún fún omi ni. Oṣù mẹ́rin ni Àkíbù fi wé wáyà bàbà mọ́ ọn lára, tó sì so ó mọ́ bátìrì àti ẹ̀rọ kékeré kan tó ń dún.

"Ìwé ti yí ọmọ yìí lórí."

"Ẹ kó àdá yín lọ sídìí kajú yẹn. Irin tó bá sún mọ́ ọn máa ń dà á láàmú. Tí kò bá rí nǹkan kan, ẹ fọ́ ọ, kí ẹ fọ́ èmi náà."

Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n kó àdá lọ.

Ní ebè kẹta, ohùn ẹ̀rọ náà yí padà.

"Irin ńlá wà níbí."

"Ọkọ́ mi tó sọnù ni. Ẹni tó bá gbẹ́ ẹ, màá ṣá a pa."

Ọ̀kan nínú wọn ti ń fi igi tú ebè.

Ọwọ́ ọ̀kadà ló kọ́kọ́ yọ.

Ọdún mẹ́ta ni Bàbá Rùkáyyàh ti ń sọ fún ìyá Àkíbù pé Sódìq, àkọ́bí obìnrin náà, ta ọ̀kadà rẹ̀, ó sì gba Líbíà lọ.

Bàbá Rùkáyyàh sáré lọ sídìí kajú.

Àkíbù ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, ó dúró lórí àwọn àdá náà.

"Ọ̀kadà rèé, Bàbá. Sódìq ńkọ́?"