Omi tí mo fi ọwọ́ òsì fún un

Ilé ti jìnnà, ẹsẹ̀ mi ti wú nínú bàtà, àwọn tó ń lọ Mẹ́kà kò sì yé pe èmi òṣìṣẹ́ inú bàálù.

Baba kan láti Goro, ní apá Tchaourou, kò mọ bẹ́líìtì í so.

"Ọmọ mi, bá mi so ó."

"Camarade ni kẹ́ ẹ pè mí. Ayé Révolution la wà, kò sí bàbá, kò sí ọmọ mọ́, ẹgbẹ́ ni gbogbo wa."

Mo fún bẹ́líìtì náà pinpin mọ́ ọn níkùn.

Ó tọrọ omi. Mo fún gbogbo èrò kí n tó dá a lóhùn, mo wá fi ọwọ́ òsì na ife sí i.

Ó tẹjú mọ́ mi.

"Mouinatou?"

"Camarade, Mouinatou ti kú. Ẹ̀yin bàbá rẹ̀ lẹ pa àgbò fídáù rẹ̀, lọ́jọ́ tó gbaṣẹ́ bàálù."